Àlòkù máṣíìnì tú-sítíróòkù fún òkè Ẹ̀fọ̀n: kí n rà á, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Àgbẹ̀_Olókè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àlòkù máṣíìnì méjì ni wọ́n ń fi lọ̀ mí ní Adó: Suzuki AX100 tòkunbọ̀ kan, àti Jincheng kan tí wọ́n ti gùn nílẹ̀ yìí. Tú-sítíróòkù ni méjèèjì, owó wọn sì kéré gan-an sí ti Boxer, tó jẹ́ fó-sítíróòkù. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni yóò máa sùn. Oko tó wà lápá Ìkògòsì ni yóò máa lọ, pẹ̀lú àpò kòkó gbígbẹ kan lẹ́yìn, ìyẹn bíi ọgọ́ta kílò ó lé díẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, á dé Aramọkọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí: bí ẹ kò bá ń gòkè, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Kí ni èrè tó wà níbẹ̀, kí ni ewu rẹ̀, kí sì ni kí n yẹ̀ wò kí n tó ka owó sílẹ̀?

Sípánà_Ajílòsùn

Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó dáa bẹ̀rẹ̀. Nínú fó-sítíróòkù, kíránkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí epo tó jó lẹ́ẹ̀kan. Nínú tú-sítíróòkù, gbogbo ìgbà tó bá yí ni epo ń jó. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì 98 cc bíi ti AX100 fi ń sáré ju bó ṣe tóbi mọ lọ. Kò ní fáàfù, kò ní káàmù, kò ní ṣéènì táímìn, kò sí tápẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ń sẹ́ẹ̀tì. Kíránkì, kọnrọ́ọ̀dù àti písítìn ló ń rìn níbẹ̀, ó tán.

Bí orí ẹ́ńjìnì bá jẹ, ohun tí ẹ máa rà ni písítìn, ríǹgì méjì, píìnì, bẹ́ríǹ kékeré orí kọnrọ́ọ̀dù àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n á ti tú u, á ti dì í padà kí ọ̀sán tó pọ́n, bí kò bá sí pé síláńdà fẹ́ ribọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ fún písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Ó tún fúyẹ́. Tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko, ènìyàn kan lè fà á jáde.

Fó_Sítíróòkù_Ni_Mo_Mọ̀

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ru kòkó ló bi wá. Ìgbà tí tú-sítíróòkù bá ń ké tantan ni agbára rẹ̀ ń jáde. Tó bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò ní agbára tí yóò fi fa àpò kòkó gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tó ń gùn ún á wá máa di kílọ́ọ̀ṣì mú ní ààbọ̀ kí ẹ́ńjìnì lè ké, kò sì ní pẹ́ tí páálí kílọ́ọ̀ṣì á fi jóná. Boxer kì í yánu, ṣùgbọ́n á fa ẹrù láti ìsàlẹ̀.

Epo ńkọ́? Ojú ihò kan náà tí èéfín ń gbà jáde nínú síláńdà ṣì ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí epo tuntun ti ń wọlé, nítorí náà lára epo tí ẹ rà á bá sáílẹ́ńsà lọ láìjó. Nígbà tí epo ṣì pọ́ọ́kú, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí. Látìgbà tí ìjọba ti kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, ẹ mọ ohun tí jálá kan ti dà. Ẹ tún máa ra ọ́ìlì 2T, èyí tí tú-sítíróòkù ń jó pọ̀ mọ́ epo, lé e lórí.

Ọ̀gá_Kọ́ìlì

Òkè gígùn lẹ̀yin méjèèjì ń jà lé lórí. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa tú-sítíróòkù lápá ibí yìí, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún ẹni tó ń rà á.

Fó-sítíróòkù ní ọ́ìlì tirẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Tú-sítíróòkù kò ní. Ọ́ìlì tó ń bá epo wọlé ló ń fọ kíránkì, bẹ́ríǹ àti písítìn. Tí wọ́n bá ń po ọ́ìlì mọ́ epo nínú táńkì, bí epo bá ti dínkù ni ọ́ìlì dínkù. Ẹ wá wò ó: ẹ ń sọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ ti dá ọwọ́ iná (èyí tí ẹ fi ń fi kún eré) padà pátápátá, gíà kẹta ló wà, ẹrù ń tì yín lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n kabúrétọ̀ ti pa ẹnu dé. Epo kò wọlé, ọ́ìlì kò wọlé, písítìn ń fi irin gbo irin. Nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ tí ẹ tún ṣí iná, ó lè gan mọ́ síláńdà lójijì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "ó ti nọ́ọ̀kì", tí wọ́n á sì di ẹ̀bi ru Jincheng.

Èyí tó ní pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì yàtọ̀. Suzuki ń pè é ní CCI, Yamaha ń pè é ní Autolube. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù náà, wáyà ọwọ́ iná sì so mọ́ ọn. Bí ẹ tilẹ̀ dá iná padà, níwọ̀n ìgbà tí kíránkì bá ń yí, ọ́ìlì díẹ̀ ń wọlé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà ni pé: pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì rẹ̀ dà? Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ ọ́ dànù. Tó bá ti bàjẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ dí ojú rẹ̀, wọ́n á ní "máa pò ó ni".

Bí ẹ bá sì ra èyí tí kò ní pọ́ọ̀ǹpù, bí ẹ bá ń sọ̀, bíréèkì ni kó gbé ẹrù náà, iwájú àti ẹ̀yìn, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Kí ẹ sì máa fún un níná fìrí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ́ìlì lè kàn án.

Fó_Sítíróòkù_Ni_Mo_Mọ̀

Bíréèkì dúróòmù tó ti pẹ́ ni ẹ fẹ́ kó fi gbé kòkó sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n o. Ẹ má fi ẹnu fẹ́rẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀gá_Kọ́ìlì

Mi ò fi ẹnu fẹ́rẹ̀ sọ ọ́. Ṣúù bíréèkì tuntun níwájú àti lẹ́yìn jẹ́ ara owó tí ó máa fi ra máṣíìnì náà. Kó wo nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń fa bíréèkì ẹ̀yìn le: bí wọ́n bá ti yí i dé ìdí, ṣúù ti tán nínú. Bí dúróòmù bá gbóná jù, bíréèkì á máa rọ̀. Kó dúró kó tutù, kó má da omi sí i.

Ọmọ_Ìjerò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọlọ́kadà kan ń da SAE 40 tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ mọ́ epo. Wọ́n ní ó nípọn ju 2T lọ, pé ó máa dáàbò bò ó dáadáa. Ṣé òótọ́ ni?

Sípánà_Ajílòsùn

Irọ́ ni, àbúrò. Wọ́n ṣe ọ́ìlì 2T kó lè jó tán pẹ̀lú epo. Wọn ò ṣe SAE 40 kó jó. Kẹ́míkà onírin tó wà nínú rẹ̀ ń fi eérú sílẹ̀ lórí písítìn àti lójú plọ́ọ̀gì, èédú á kún ihò èéfín, ríǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú ihò tirẹ̀ lára písítìn, kọmpirẹ́ṣọ̀n (agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀) á lọ. Lára ike ọ́ìlì, ẹ wá àmì ìpele ọ́ìlì tú-sítíróòkù: JASO FC tàbí FD, ó kéré tán FB. Èyí tó ní API TC náà dára. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n tà láti inú dúróòmù, tí kò ní orúkọ kankan lára, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe ń pò ó: jálá epo jẹ́ lítà 4. Ọ́ìlì 100 ml sínú rẹ̀ ni 40 sí 1, èyí tó bá ẹ́ńjìnì tó ti mọ́ra àti ọ́ìlì gidi mu. Fún ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ribọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 160 ml, ìyẹn 25 sí 1, fún 500 km àkọ́kọ́, kí ẹ má sì di ẹrù rù ú nígbà yẹn. Inú kẹ́ẹ̀gì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti pò ó, kì í ṣe inú táńkì: ọ́ìlì lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì epo, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó da èyí tó kù sí i. Bó bá ti sùn mọ́jú, ẹ tún un mì.

Ẹ má sì rò pé bí ọ́ìlì bá ṣe pọ̀ tó ni ààbò ṣe pọ̀ tó. Ihò kan náà ni ọ́ìlì àti epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, epo tó ń kọjá á dínkù, afẹ́fẹ́ á borí epo, ẹ́ńjìnì á sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìnọ́ọ̀kì lè tipa bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ọ̀gá_Kọ́ìlì

Ó kù kí n sọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà kó má tíì sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan síláńdà. Tó bá gbóná, ó ti fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún yín.

Ẹ fi ọwọ́ tẹ kíìkì lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má lo ẹsẹ̀. Ó yẹ kó dúró kó takú níbì kan. Bó bá kàn rọra sọ̀ bí ọwọ́ ìfami, ríǹgì tàbí síláńdà ti jẹ. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní géèjì kọmpirẹ́ṣọ̀n, 120 psi sókè dára. Bó bá wá sí 90 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka owó písítìn àti ribọ́ọ̀ mọ́ owó máṣíìnì.

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì. Àwọ̀ búráùn ni ẹ fẹ́. Dúdú tó tutù fún ọ́ìlì túmọ̀ sí pé ọ́ìlì tàbí epo ń pọ̀ jù. Funfun gbẹ, tí nǹkan kéékèèké yọ́ lé e lórí, ni ẹ sá fún: afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Nígbà tí plọ́ọ̀gì kò sí níbẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo orí písítìn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń sọ ìtàn máṣíìnì náà.

Ẹ ṣí ìdérí màgínẹ́ẹ̀tì lápá òsì. Ẹ di àgbá rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè-sódò. Bó bá mì, bẹ́ríǹ kíránkì ti lọ. Bẹ́ríǹ tó ń mì kò ní jẹ́ kí síìlì (rọ́bà tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kíránkì) pẹ́, síìlì tó sì ti jẹ ni olórí àrùn tú-sítíróòkù. Méjì ni wọ́n. Èyí tó wà lápá màgínẹ́ẹ̀tì, bó bá jẹ, afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ wọlé láìkọjá nínú kabúrétọ̀. Ẹ óò rí i pé bí ẹ bá dá iná padà, ẹ́ńjìnì á ṣì máa ké fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré, ọ́ìlì kéré: písítìn á lu tàbí kó gan. Èyí tó wà lápá kílọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ ọ̀tún, bó bá jẹ, ẹ́ńjìnì á máa fa ọ́ìlì gíà mu. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró ni àmì rẹ̀, ọ́ìlì gíà á sì máa dínkù láìsí pé ó ń jò sílẹ̀. Síìlì fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Iṣẹ́ ibẹ̀ ló pọ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé wọ́n ní láti tú gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, kí ẹ gùn ún gòkè kan pẹ̀lú ènìyàn kan lẹ́yìn. Ilẹ̀ títẹ́jú inú Adó kò lè fi ohunkóhun hàn yín.

Ọmọ_Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gbogbo tú-sítíróòkù ló máa ń rú èéfín? Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ń ṣàìsàn?

Ọ̀gá_Kọ́ìlì

Ní òwúrọ̀, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á rú èéfín búlúù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ti gbóná, á dínkù débi pé ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí i bí ẹ bá ń rìn. Bó bá ṣì ń bo ọlọ́kadà ẹ̀yìn lójú lẹ́yìn tó ti gbóná dáadáa, ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí ọ́ìlì burúkú ni, tàbí síìlì apá kílọ́ọ̀ṣì tí mo sọ lókè. Bí kò bá sì rú èéfín rárá ní òwúrọ̀, ẹ lọ wo pọ́ọ̀ǹpù kíá. Ìyẹn ló léwu jù.

Ìyá_Sípíà_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti páàtì, torí òun ni mò ń tà. Ti AX100 àti Jincheng, páàtì wọn pọ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì bára mu, nítorí pé AX100 ni Jincheng wo ṣe tirẹ̀. Yamaha RX100 dára gan-an, ṣùgbọ́n àárín 1985 sí 1996 ni wọ́n ṣe é ní Íńdíà. Èyí tí ẹ bá rí báyìí ti dàgbà, páàtì tó wà fún un sì pọ̀ ní àdàmọ̀dì. Yamaha DT175 ni baba nínú igbó, àmọ́ owó písítìn rẹ̀ ju ti àwọn kékeré yìí lọ.

Nọ́ńbà orí písítìn tí ọ̀gá sọ: síláńdà AX100 jẹ́ 50 mm nígbà tó bá wà ní tuntun. Bí ẹ bá rí 25 lórí písítìn, wọ́n ti ribọ́ọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi 0.25 mm tóbi sí i. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀: 50, 75, 100. Bó bá ti dé 100, síláńdà yẹn ti tán, ribọ́ọ̀ mìíràn kò sí mọ́. Ẹ máa ra síláńdà tuntun tàbí kí wọ́n fi síliifù (àpò irin inú síláńdà) tuntun sí i.

Ríǹgì àdàmọ̀dì la ń rí jù lọ. Ẹ ti ríǹgì náà nìkan bọ inú síláńdà, ẹ fi orí písítìn tì í kó tò tààrà, kí ẹ wá fi fílà-géèjì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Láàárín 0.15 sí 0.35 mm ló yẹ kó wà. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, àní bó bá jẹ́ èmi. Kí ẹni tó ń dì í sì rí i pé ẹnu ríǹgì bọ́ sórí píìnì kékeré tó wà lára písítìn, kí ọfà orí písítìn sì kọjú sí ihò èéfín. Bí wọ́n bá dì í lódì, ríǹgì á kọ́ ihò síláńdà, á sì ṣẹ́.

Sípánà_Ajílòsùn

Màmá ti parí ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi sáílẹ́ńsà kún un. Nínú tú-sítíróòkù, sáílẹ́ńsà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo nìkan: bó ṣe fẹ̀ tó sì fún níbì kan ló ń ti epo tó fẹ́ sá jáde padà sínú síláńdà. Walter Kaaden ti ilé iṣẹ́ MZ ní Jámánì ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi, ọgbọ́n yẹn sì bá Ernst Degner dé ọ̀dọ̀ Suzuki nígbà tó sá kúrò ní ìlà-oòrùn Jámánì ní 1961. Àwọn tó ń gé ìdí sáílẹ́ńsà kó lè dún ń gé agbára ara wọn dànù. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti gé, tí wọ́n tún jó pọ̀, ẹ já owó rẹ̀ sílẹ̀.

Bí kò bá lágbára láti gòkè bẹ́ẹ̀ ni kọmpirẹ́ṣọ̀n dára, ẹ yọ ọ̀pá inú sáílẹ́ńsà, ẹ fọ èédú inú rẹ̀, kí ẹ sì ha èédú ẹnu ihò èéfín pẹ̀lú igi tàbí irin rírọ̀, písítìn ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ tún wo fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tú-sítíróòkù máa ń gba ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kọjá kó tó dé òkè, nítorí náà eruku pupa ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́ á jẹ bẹ́ríǹ kíránkì, á jẹ kọnrọ́ọ̀dù, kó tó wá jẹ ríǹgì. Èyí tí kò ní fóòmù mọ́, tí wọ́n fi aṣọ dí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Fó_Sítíróòkù_Ni_Mo_Mọ̀

Ìwé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìwé. Nọ́ńbà ṣáṣísì wà lára ọrùn ibi tí ọwọ́ ìdarí ti ń yí, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lára ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Kí méjèèjì bá ìwé mu. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, kó rí rìsíìtì ẹ́ńjìnì kejì. Bí wọ́n bá ti ha ibi nọ́ńbà, tí wọ́n fi fáìlì pa á rẹ́, kó má dúró níbẹ̀ rárá. Kó gba rìsíìtì àti ìwé ìbúra kóòtù lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kó sì yí orúkọ padà ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kó tó máa gbé e kiri. Láìsẹnì ọ̀kadà, kíláàsì A ni.

Àgbẹ̀_Olókè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi wọ́n léèrè. Pọ́ọ̀ǹpù Suzuki tòkunbọ̀ yẹn kò sí mọ́, irin pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ti Jincheng ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ara Suzuki mọ́ jù. Èwo ni kí n mú?

Ọ̀gá_Kọ́ìlì

Jincheng, bí pọ́ọ̀ǹpù bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dà ara kì í fa ẹrù. Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ da epo tí a ti po ọ́ìlì mọ́ sínú táńkì kí ewu má bàa wà, ẹ rí i pé ọ́ìlì wà nínú táńkì ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ sítáàtì rẹ̀ kó máa dún jẹ́jẹ́. Ẹ wo rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù lọ sínú ẹ́ńjìnì: kò gbọdọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń hó bí ìfófó omi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ fa apá pọ́ọ̀ǹpù títí dé òkè láìfi kún iná. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Bí kò bá pọ̀, pọ́ọ̀ǹpù ti kú. Àmì kan wà lára apá náà tó yẹ kó bá àmì ara pọ́ọ̀ǹpù mu. Bí wáyà bá ti fà, kò ní bá a mu, ọ́ìlì á kéré.

Bí ó bá jẹ́ pé Suzuki ni ẹ ṣì fẹ́, ẹ yọ owó pọ́ọ̀ǹpù, táńkì ọ́ìlì, wáyà ọwọ́ iná olórí méjì àti síìlì méjèèjì kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣí irin pẹlẹbẹ yẹn wò ná. Àwọn kan máa ń yọ gíà tó ń yí pọ́ọ̀ǹpù pẹ̀lú, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù tuntun nìkan kò ní ṣe nǹkan kan.

Ìyá_Sípíà_Ìkẹ́rẹ́

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, bọ̀dá, ẹ máa ti kọ́ọ̀kì epo ní gbogbo alẹ́. Bí abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀ bá ti jẹ díẹ̀, epo á ṣàn wọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì mọ́jú, á fọ ọ́ìlì ara bẹ́ríǹ dànù, kíìkì á sì le lọ́wọ́ òwúrọ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́: ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ ti kọ́ọ̀kì, ẹ tẹ kíìkì títí epo á fi tú jáde tán, kí ẹ nu plọ́ọ̀gì kí ẹ tó dá a padà. Ẹ jìnnà sí iná àti sìgá nígbà yẹn o.